Ẹ Má Bẹ̀rẹ̀ Ìtàn John Hampden Láti Orí Ẹṣin: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Onílẹ̀ Tó Bá Ọba England Fa Ọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn John Hampden, onílẹ̀ àti aṣòfin England tó kọ̀ láti san owó-orí kan fún Ọba Charles Kìíní, ló máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin. Òwúrọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù, ọdún 1643, ní pápá Chalgrove ní Oxfordshire: ọkùnrin kan ń kúrò lójú ìjà nígbà tí ìjà kò tíì parí, ó sorí kodò, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ọrùn ẹṣin rẹ̀. Ẹni tó rí i mọ̀ pé nǹkan ti ṣe é, nítorí kì í ṣe ẹni tó máa ń kúrò lójú ìjà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó kú sí ìlú Thame.

Mo mọ ìdí tí ìran yẹn fi ń fa òǹkọ̀wé mọ́ra. Èmi náà ti fi í bẹ̀rẹ̀ rí, nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìtàn jagunjagun ni gbogbo wọn sì gbé lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ogun abẹ́lé tó wáyé láàárín ọba àti ilé aṣòfin kò gbà ju oṣù mẹ́wàá lọ nínú ayé rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà, ó ti lé ní 20 ọdún tí Hampden ti kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin. Ibẹ̀ àti kóòtù ni ìtàn rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń sọ ọ́ ti ń ṣì í sọ jù.

Ẹ má pè é ní ọmọ onílẹ̀, ẹ má sì sọ ọ́ di mẹ̀kúnnù

Onílẹ̀ ńlá ni Hampden. Láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ìdílé rẹ̀ ti wà ní Great Hampden, lórí àwọn òkè Chiltern ní àgbègbè Buckinghamshire. Wọ́n ní ilẹ̀ ní abúlé kan sí èkejì, àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí àwọn ilẹ̀ náà sì ń sanwó fún un. Tí a bá fẹ́ sọ èyí ní Yorùbá, "ọmọ onílẹ̀" ló máa ń sáré yọ sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ní Èkó àti agbègbè rẹ̀ lónìí, ẹni tó bá gbọ́ ọmọ onílẹ̀, àwọn géńdé tó ń dá òṣìṣẹ́ dúró nídìí ìpìlẹ̀ ilé onílé ni yóò rí lọ́kàn. Ẹ pè é ní onílẹ̀, ó tó.

Ìṣákọ́lẹ̀ pàápàá ní láti ní àlàyé lẹ́yìn. Ó sún mọ́ owó tí àwọn àgbẹ̀ ń san fún Hampden, ṣùgbọ́n ìdí ilẹ̀ náà kò rí bákan náà. Ilẹ̀ ìdílé la mọ̀ níbí, tí olórí ẹbí ń bójú tó fún gbogbo ọmọ. Ní England ìgbà yẹn, láàárín àwọn onílẹ̀ ńlá, àkọ́bí ọkùnrin ló sábà ń jogún gbogbo rẹ̀, àwọn àbúrò á sì wá ọ̀nà tiwọn lọ. Ọdún 1597 ni bàbá Hampden kú, nígbà tí ọmọ náà kò ju bí ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ. Báyìí ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ṣe di ẹni tó ni òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni èyí tó dojú kọ ti àkọ́kọ́. Àwọn kan ka pé ó bá ọba jà, wọ́n wá sọ ọ́ di tálákà tó dìde fún tálákà. Ilé-ìwé gidi ló lọ ní Thame, ó dé Oxford, ó sì kọ́ òfin ní Inner Temple ní London. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé aṣòfin ní 1621, Grampound ni wọ́n ní ó ń ṣojú fún, ìlú kékeré kan ní Cornwall tó jìnnà pátápátá sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó ń ṣojú Wendover tó wà nítòsí ilé, àti Buckinghamshire fúnra rẹ̀ ní 1640. Ọkùnrin tí ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ bá ń mú 40 sílè wọlé lọ́dún ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò fún aṣojú àgbègbè. Obìnrin kò sí níbẹ̀, alágbàṣe kò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ Hampden gan-an kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́ pé "àwọn ará ìlú dìbò yàn án", ẹ sọ ìlú wo àti ara wo.

Owó ọkọ̀ ogun ni, kì í ṣe owó ọkọ̀

Ibí ni mo ti fẹ́ kí a jókòó pẹ́, nítorí ohun tó sọ Hampden di olókìkí nìyí, ibẹ̀ náà sì ni ìtumọ̀ tó yára ti ń bà á jẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe owó-orí náà ní "owó ọkọ̀". Ẹni tó bá kà á, owó tí kọ́ńdọ́ ń gbà ló máa rò. Owó ọkọ̀ ogun ojú omi ni, kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni pé tí ewu bá ń bọ̀ láti orí òkun, ọba lè ní kí àwọn ìlú etíkun pèsè ọkọ̀ ogun tàbí owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bínú sí ìyẹn púpọ̀. Ní 1629 Ọba Charles Kìíní tú ilé aṣòfin ká, kò sì pe òmíràn fún ọdún 11. Ẹni tí kò bá pe aṣòfin kò lè rí owó-orí tí aṣòfin ń fọwọ́ sí gbà, bẹ́ẹ̀ owó ni ìjọba fi ń rìn. Ní 1634 ó ránṣẹ́ sí àwọn etíkun fún owó ọkọ̀ ogun, láìsí ogun kankan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ dé gbogbo ìlú tó wà láàárín ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Buckinghamshire kò fara kan òkun níbi kankan, síbẹ̀ wọ́n ní kó mú £4,500 wá, iye ọkọ̀ ogun kan tó tó 450 tọ́ọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí ojú wa dé ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1636, àwọn ará ìjọ abúlé Great Kimble pàdé lórí ọ̀rọ̀ owó náà. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tí kò ní san sórí ìwé, pẹ̀lú iye tí wọ́n bù fún olúkúlùkù. Orúkọ John Hampden ló ṣíwájú, 31 sílè àti kọ́bọ̀ mẹ́fà. Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìwé náà wà nísàlẹ̀: àwọn tí ìjọba fi síbẹ̀ láti gba owó náà, orúkọ tiwọn náà wà lára àwọn tó kọ̀ láti san. Ẹni tó bá ń sọ pé Hampden nìkan ló dá dúró, kó rántí ìwé yẹn. Òun ni ọba mú, nítorí òun ni ẹni ńlá inú wọn.

Ẹ má sì kọ ọ́ pé owó náà ti pọ̀ jù fún un. Èyí tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù jẹ́ 20 sílè péré, lórí ilẹ̀ rẹ̀ kan ní Stoke Mandeville. Àwọn àgbàlagbà wa tó ná sílè mọ̀ ọ́n: pọ́n-ùn kan. Hampden lè san án láìbojú wẹ̀yìn. Ohun tó ń béèrè ni pé ta ló fún ọba láṣẹ láti mú un. Ìrònú rẹ̀ ni pé: tí ọba bá lè gba pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ mi láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú, kò ní nílò wọn mọ́ láé, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró kó tó dé orí ilé mi àti orí ilẹ̀ mi. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa kọ irú owó bẹ́ẹ̀ nìyí. Ní 1627 ó ti wẹ̀wọ̀n nítorí owó tí ọba fi tipátipá pè ní àyálò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Sir John Eliot, kú sí ẹ̀wọ̀n Tower ní 1632 nítorí ohun tó sọ ní ilé aṣòfin, Hampden sì bá a mójú tó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ó mọ ohun tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ lè ná ènìyàn.

Àwọn kan ń kọ ọ́ pé ọba kó owó náà jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ogun ni wọ́n fi ṣe, wọ́n sì rìn lórí omi. Ẹ má fi ẹ̀sùn olè kún ẹjọ́ tí kò nílò rẹ̀, nítorí yóò bo ẹjọ́ gidi mọ́lẹ̀.

Kò borí ní kóòtù

Bóyá àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. A fẹ́ràn kí ẹni tó sọ òtítọ́ borí, ọwọ́ wa á sì yára kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn adájọ́ àgbà 12 ló gbọ́ ẹjọ́ náà, láti ìparí ọdún 1637. Oliver St John àti Robert Holborne ló gba ẹnu Hampden sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìdájọ́ parí ní 1638, adájọ́ 7 dúró ti ọba, 5 dúró ti Hampden. Nínú àwọn 5 yẹn, méjì kò sọ pé ọba kò lẹ́tọ̀ọ́. Àléébù inú bí wọ́n ṣe kọ ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n rọ̀ mọ́. George Croke àti Richard Hutton ló là á mọ́lẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé owó náà lòdì sófin. Ẹ sì rántí pé ọba ló ń yan adájọ́, ọba ló lè lé e. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bí 5 ṣe rí ẹnu sọ̀rọ̀ lábẹ́ irú ìjọba yẹn ni ó yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Nínú àwọn 7, Adájọ́ John Finch sọ pé òfin kankan tí ilé aṣòfin bá ṣe láti gba agbára ààbò ìlú lọ́wọ́ ọba, òfúùtù fẹ́ẹ̀tẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba ọba jẹ́ ju ẹjọ́ náà lọ. Àwọn tó ti ń ráhùn sanwó tẹ́lẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n sì rí i pé ohun gbogbo tí wọ́n ní ni ó wà lábẹ́ ìbéèrè. Láàárín ọdún kan, owó náà kò wọlé bó ṣe ń wọlé mọ́. Ní 1641, ilé aṣòfin ṣe òfin tó sọ ọ́ di ohun àìtọ́. Tí ẹ bá sọ pé Hampden borí, ẹ ti gé gbogbo ọdún mẹ́ta yìí kúrò, ẹni tó ń kà á kò sì ní mọ bí ìdájọ́ tí ènìyàn pàdánù ṣe lè ba ẹni tó jàre jẹ́.

Ìtàn ọkọ̀ tó ń lọ sí Amẹ́ríkà

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ní Hampden àti Oliver Cromwell, ẹni tó wá di olórí England lẹ́yìn ogun, ti wọ ọkọ̀ lórí odò Thames ní 1638, wọ́n ń lọ sí Amẹ́ríkà, kí àwọn ènìyàn ọba tó dá wọn padà, àti pé ọba ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá àwọn tó máa bì í ṣubú dúró. Ó dùn-ún gbọ́, kò sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n dá àwọn ọkọ̀ kan dúró lóòótọ́, wọ́n sì tún fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé yín.

Ìbátan ni òun àti Cromwell, ìyẹn dájú: ìyá Hampden àti bàbá Cromwell jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà ayé Hampden, òun ni gbogbo England mọ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ọmọ ẹ̀yìn Cromwell.

Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ olówó àti ẹgbẹ́ tálákà ló ń jà

Ilé kan náà, ìdílé kan náà, ni ogun yìí pín sí méjì. Ẹ wo àwọn Verney, onílẹ̀ bíi Hampden ní Buckinghamshire kan náà, ní Claydon. Sir Edmund Verney ló ń gbé àsíá ọba. Nínú ọkàn rẹ̀, kò fẹ́ràn ìjà náà, ó sì fẹ́ kí ọba gbà fún àwọn aṣòfin. Ṣùgbọ́n ó ti tó 30 ọdún tó ti ń jẹ oúnjẹ ọba, ó ní òun kò ní hùwà ìtìjú pé òun sá fún un. Ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà 1642, ó kú lójú ìjà Edgehill pẹ̀lú àsíá náà. Àkọ́bí rẹ̀, Ralph, aṣojú Aylesbury, wà ní ilé aṣòfin ní ìhà kejì. Bàbá àti ọmọ, onílẹ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ owó-orí àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kan náà níwájú wọn, ẹ̀rí ọkàn sì gbé wọn gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà mi ò fẹ́ràn kí wọ́n fi Kírìjì ṣàlàyé ogun yìí fún ọmọ wa. Ìlú àti ìlú ló dojú kọra ní Kírìjì. Ibí, orí tábìlì oúnjẹ ni ogun ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má fi orí ọba sí i lọ́rùn

Àwọn kan ń ka Hampden mọ́ àwọn tó bẹ́ Charles lórí. Ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1649 ni wọ́n bẹ́ ọba lórí. Hampden ti kú ní 1643. Àwọn ọmọ ogun tó kó lọ, tí wọ́n ń wọ aṣọ àwọ̀ ewé, orúkọ ọba àti ilé aṣòfin ni wọ́n ní wọ́n ń jà fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ohun tí Hampden ń wá ni ọba tó ń ṣèjọba pẹ̀lú aṣòfin. Ìyẹn kò sọ ọ́ di aláìlera: nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó wà lára àwọn tó ń ti Ọ̀gágun Essex, olórí ọmọ ogun ilé aṣòfin, pé kó jà kó borí, kó má máa fà á.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, kó kúrò ní pápá, kó lọ sí Westminster ní oṣù Bélú 1641. Àwọn aṣòfin ń dìbò lórí ìwé gígùn tó ka gbogbo ẹ̀sùn ìjọba Charles. Ilẹ̀ ti ṣú, ọ̀gànjọ́ ti kọjá, iná àbẹ́là ni wọ́n fi ń ríran. Ìwé náà gba 159, àwọn tó kọ̀ ọ́ jẹ́ 148. Ariwo bẹ́. Àwọn kan ti yọ idà pẹ̀lú àkọ̀ rẹ̀ kúrò lára bẹ́líìtì, wọ́n gbé e kalẹ̀ níwájú. Ọkùnrin kan tó wà níbẹ̀, tó sì jẹ́ ti ọba, kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé wọn ì bá ti pa ara wọn ní alẹ́ yẹn bí kì í bá ṣe pé Hampden dìde, ó sọ ọ̀rọ̀ ṣókí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọkàn wọn rọ̀. Alátakò rẹ̀ ló jẹ́rìí yẹn. Mi ò tíì rí ìtàn Chalgrove kankan tó sọ ẹni tó jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1642, ọba fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ Ilé Aṣojú, ó kó àwọn ológun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wá mú aṣòfin márùn-ún: Pym, Hampden, Holles, Haselrig àti Strode. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀sùn owó-orí. Kò sì rí wọn mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń kọ ọ́ pé ó mú wọn. Wọ́n ti gba ojú odò lọ. Ó béèrè lọ́wọ́ William Lenthall, olórí ilé, ibi tí wọ́n wà. Lenthall kúnlẹ̀, ó ní òun kò ní ojú láti fi rí tàbí ahọ́n láti fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àfi bí ilé bá ṣe darí òun. Títí dòní, ọba England kì í wọ inú ilé yẹn nígbà ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn márùn-ún gba ojú omi padà pẹ̀lú ìdùnnú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Buckinghamshire sì gun ẹṣin wọ London nítorí aṣojú wọn.

Tí ẹ bá rí ìwé àtijọ́ tó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1641 ni èyí ṣẹlẹ̀, ẹ má pè é ní irọ́. Ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní England nígbà náà. Kí ẹ sì wo ọdún dáadáa tí ẹ bá ń wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ John Hampden náà jẹ́ olóṣèlú, ìyẹn sì kú ní 1696. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da àwọn méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí ẹ bá wá dé Chalgrove

Prince Rupert, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọba lóbìnrin, ló kó àwọn ẹlẹ́ṣin jáde láti Oxford ní ọjọ́ tó ṣáájú ìjà náà. Hampden dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin tó lọ dá a dúró, àwọn ọmọ ogun aláṣọ àwọ̀ ewé tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọgbẹ́ tó gbà wà ní èjìká. Ìtàn méjì ló wà lórí bó ṣe gbà á: ọta ìbọn ọ̀tá méjì, tàbí ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀ tí wọ́n ki ju bó ṣe yẹ lọ tó sì bú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èkejì yìí pẹ́ kó tó jáde. Ní 1828 Lord Nugent ní kí wọ́n tú sàréè kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì Great Hampden láti wo òkú náà, ìyẹn kò sì parí àríyànjiyàn, nítorí àwọn ènìyàn kò gbà pé òkú Hampden ni wọ́n hú jáde. Ẹ sọ ìtàn méjèèjì, kí ẹ sì sọ pé méjì ni wọ́n.

Ìdí tí sàréè fi rúni lójú rọrùn. Nígbà tí Elizabeth, aya rẹ̀ àkọ́kọ́, kú ní 1634, Hampden gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìfẹ́ gígùn tí ènìyàn ṣì lè kà lónìí. Nígbà tí wọ́n gbé òun náà dé láti Thame ní oṣù Òkúdù 1643, inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sin ín sí, ṣùgbọ́n ogun ń lọ, kò sì sí òkúta tó fi ojú ibẹ̀ hàn.